Wọ́n Kọ "High" sí Dáàmù Oklahoma. Ta Ló Yẹ Ti Ọ̀nà Ìdó Wò?

Ìbéèrè: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọ̀nà Ìdó níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìgbèríko kan ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà. Ó fi ojú ìwé ìjọba kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kan wà lókè odò tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá, wọ́n kọ 'High' síwájú ewu rẹ̀, wọ́n kọ 'Fair' síwájú ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Ṣé kí n ní kó kó kúrò níbẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí náà sí i: lókè odò kékeré tó gba ẹ̀yìn oko wa níbí, dáàmù kan wà tí bàbá ẹlẹ́ja kan mọ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Bàbá ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ta ẹja níbẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí tiwa lára. Èwo ni kí n máa bẹ̀rù nínú méjèèjì?"

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: ti ọ̀nà Ìdó ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ti Oklahoma, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ díẹ̀ ná, kí oorun lè padà sójú yín.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ọmọ yín fi ránṣẹ́, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, títí kan àwọn oníròyìn. "High" tí wọ́n kọ síwájú ewu yẹn kò sọ pé dáàmù náà ń ṣàìsàn. Ohun tó ń dáhùn ni pé, ká ní dáàmù yìí já lónìí, ta ni omi rẹ̀ máa bá nísàlẹ̀ odò? Bí ó bá jọ pé ẹ̀mí máa bá a lọ, ì báà jẹ́ ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo, "High" ni wọ́n máa kọ. Bí kò bá ní mú ẹ̀mí lọ, àmọ́ tó lè gbé afárá, ojú títì, òpó iná tàbí ẹ̀rọ omi ará ìlú lọ, wọn a kọ "Significant". Bó bá jẹ́ pé oko ẹni tó ni dáàmù nìkan ló máa fara gbá, "Low" ni. Wọn kì í wo ara ògiri dáàmù kí wọ́n tó kọ èyí. Ilé tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹ fojú inú wo igi ìrókò kan tó dúró ṣinṣin lẹ́bàá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí ikán lára rẹ̀. Ẹ wá wo òmíràn tó ti jẹrà tán nínú, àmọ́ tó dá wà láàárín igbó. Bí ẹ bá ní kí n fi ewu ṣe ìwọ̀n bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é, èyí tó wà lẹ́bàá àwọn ọmọdé ni n ó kọ "High" sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko. Èyí tó jẹrà nínú igbó yóò gba "Low". Ipò ara igi, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ibẹ̀ ni "Fair" ti wọlé.

Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ní fún ipò dáàmù, àti ìkarùn-ún tí n kò fẹ́ràn rárá. "Satisfactory" ni ti òkè pátápátá: wọ́n wò ó, wọn ò rí àbùkù kan, wọ́n sì gbà pé yóò dúró nínú òjò tó le jù àti nínú ilẹ̀ mímì. "Fair" ló tẹ̀ lé e: kò sí àbùkù nígbà tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, àfi bí àkúnya tí kì í sábàá ṣẹlẹ̀ bá dé ló lè fi ibì kan hàn tó kù díẹ̀ káàtó. Èyí ni ti ọmọ yín. "Poor" ni pé wọ́n ti rí àbùkù tó lè fa wàhálà nínú òjò tí ojú ń rí, àtúnṣe sì ti di dandan. "Unsatisfactory" ni ká má sùn mọ́, iṣẹ́ pàjáwìrì ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n dá dúró díẹ̀ lórí "Poor", bí kò tilẹ̀ kan ọmọ yín lónìí, torí ó lè kàn án lọ́la. Wọ́n máa ń kọ ọ́ nígbà mìíràn tí ẹnjiníà kò rí ìwé. Ó dé ibẹ̀, dáàmù ti pé àádọ́rin ọdún, àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ti sọ nù, kò sẹ́ni tó ṣírò ìwọ̀n òjò tí ọ̀nà omi àpọ̀jù rẹ̀ lè gbà. Kò lè sọ pé ó dára, kò sì rí ihò kankan lára rẹ̀. Ohun tó bá ofin wọn mu ni pé kó kọ "Poor" títí ìwádìí yóò fi parí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá pè lọ́dún tó ń bọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ di "Poor", kó bi wọ́n léèrè ná bóyá ògiri ló ní àbùkù àbí ìwé ló ṣaláìsí.

Ìkarùn-ún ni "Not Rated", ìyẹn ni pé a ò tíì wò ó, tàbí a wò ó àmọ́ a ò tíì fún un ní ìpele. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Dáàmù tó wà nínú ìwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lé ní 90,000, àwọn ẹnjiníà ológun wọn ló ń tọ́jú ìwé náà. Èyí tí wọ́n kọ "High" sí nínú wọn lé ní 15,000, èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn sì jẹ́ oníyẹ̀pẹ̀, bíi ti ẹ̀yìn oko yín. Ní Oklahoma fúnra rẹ̀, láti ọdún 1948 ni ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ ti jọ ń mọ àwọn dáàmù kéékèèké sórí àwọn odò kéékèèké, kí àkúnya má baà máa gbé ilẹ̀ oko lọ. Dáàmù Cloud Chief ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ yẹn nìkan báyìí. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ọjọ́ ayé ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mọ wọ́n, pápá màlúù àti oko àlìkámà ló wà nísàlẹ̀, "Low" ni wọ́n kọ sí wọn. Ìgbà tó yá, ẹnì kan kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ àfonífojì náà tẹ́jú. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Dáàmù tó sùn ní "Low" jí ní "High", kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ó wà níbi tó wà, àwa èèyàn la lọ bá a.

Ará Ìbàdàn ni wá, ìtàn yẹn kò lè ṣàjèjì sí wa. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sórí odò Ọ̀nà. Ta ló ń gbé Odò-Ọ̀nà nígbà náà bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀ lónìí? Nígbà tí òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, láàárín wákàtí díẹ̀, tí afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, tí omi bo ìsàlẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé, iye ilé tó wà lójú ọ̀nà omi ló sọ ọ́ di ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà àkúnya ní Ìbàdàn, títún Ẹlẹ́yẹlé ṣe sì wà nínú rẹ̀. Èmi kò jiyàn sí owó náà. Mo kàn ń sọ pé, bí wọ́n bá fi irin rọ dáàmù yẹn, tí a sì ń kọ́lé sínú àfonífojì rẹ̀, bó ti wù kí ògiri le tó, ìpele ewu rẹ̀ á máa gòkè ni.

Ṣé kí ọmọ yín kó kúrò? Rárá o. Ẹ ní kó wá nǹkan mẹ́ta. Kó wo ọjọ́ tí wọ́n yẹ dáàmù náà wò gbẹ̀yìn, ó máa ń wà lójú ìwé yẹn. Ní Oklahoma, ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ èyí tó jẹ́ "High" wò. Bó bá ti ju ọdún kan àbọ̀ lọ, kó pe àjọ omi ìpínlẹ̀ wọn. Ìkejì, kó béèrè ètò pàjáwìrì dáàmù náà, ìyẹn ìwé tó sọ ẹni tó ń pe ta ni, àti ibi tí omi yóò dé bí ó bá já. Ìkẹta, kó mọ ọ̀nà tó gòkè láti ilé rẹ̀, kó sì fẹsẹ̀ rìn ín lálẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tó. Ó ń sùn nísàlẹ̀ dáàmù tí ẹnì kan ń wò, tí orúkọ ẹni tó ni ín wà lákọsílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ẹ ní kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí tiyín lára. Ẹ má ṣe ka ìyẹn sí "Low". "Not Rated" ni, nínú àwọn márààrún òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kì í jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rù. Ẹ tún pe odò rẹ̀ ní kékeré, bóyá ẹ rò pé omi ẹ̀yìn dáàmù náà kéré. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹ rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó fi ìṣísẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ adágún náà. Ká ní gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 mítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 60, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà méjì bí a bá da ibi tó jìn pọ̀ mọ́ ibi tí kò jìn. Omi tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù lítà 12. Àwọn táńkà omi tí ẹ máa ń rí tó ń gbé 10,000 lítà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, 1,200 irú rẹ̀ nìyẹn. Bí ògiri bá là, tí omi yẹn fi ogún ìṣẹ́jú tú jáde, táńkà kan ni yóò máa dà nù sórí oko yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìdúró, fún ogún ìṣẹ́jú. Bí àhéré yín bá fi kìlómítà kan jìnnà síbẹ̀, tí omi ń rin mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kó tó dé. Omi tó ń sáré tó sì dé orúnkún ti tó láti gbé géńdé ṣubú.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, ọdún 1977, dáàmù kan tí wọ́n ń pè ní Kelly Barnes já ní Toccoa, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ògiri iyẹ̀pẹ̀ ni, kò ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Igi ti hù sára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi sì ti ń sun níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á kún. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan wà nísàlẹ̀. Èèyàn 39 ló kú lójú oorun àti nínú òkùnkùn, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ikú yẹn ló mú kí Ààrẹ Carter pàṣẹ pé kí wọ́n lọ yẹ àwọn dáàmù eléwu tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wò. Ìwé tí ọmọ yín rí lónìí, ojú irú ikú bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Tiwa náà kò jìnnà: òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024 ni dáàmù Alau já, tí omi wọ Màídúgùrì.

Báwo wá ni dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ṣe ń já? Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀ fún àwa tó ń gbowó lórí ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí omi gba orí ògiri kọjá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó já ní Amẹ́ríkà, báyìí ló ṣe já. Dáàmù tó mọ́yán lórí ní ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, tí omi àpọ̀jù ń gbà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ojú yẹn bá dí, omi á wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí ògiri. Ẹ ti rí bí ọ̀gbàrá ṣe ń jẹ ojú títì wa: kì í bẹ̀rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe ògiri dáàmù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya, tí èèyàn tó dúró lápá omi kò ní mọ̀, títí ojú yíya yẹn yóò fi rìn dé orí. Bó bá ti dé orí, ó parí.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni kan pè mí sí oko ẹja rẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà, kí n bá a wọn ilẹ̀ adágún kejì. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ojú ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà, mo rí àwọ̀n onírin tó fi dí i, ìlọ́po méjì, ó tún to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì sẹ́yìn rẹ̀, kí àrọ̀ àti epìyà má baà bá omi lọ. Ojúoró ti lẹ̀ mọ́ àwọ̀n náà, ewé ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà kò lóǹkà. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ eléyìí kúrò lónìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹja tó bá lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀ fún mi?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìwé ojú méjì fún un. Ó fún mi ní àrọ̀ ńlá mẹ́rin, mo jẹ ẹ́, n kò pè é mọ́. Òjò oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló tú u. Ibi tí táyà ọ̀kadà ti jẹ orí ògiri wálẹ̀ bí ìka ọwọ́ mẹ́rin ni omi gbà. Nígbà tí mo débẹ̀, àlàfo tó wà níbẹ̀ gba mọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àrọ̀ sì ń jà nínú ẹrẹ̀ lórí ebè ẹ̀gẹ́ oko ẹlòmíràn. Ẹ̀mí kankan kò lọ, torí ẹ̀gẹ́ nìkan ló wà nísàlẹ̀. "Low" ni dáàmù yẹn jẹ́, oríire wa nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ó yẹ kí n ti lọ bá àwọn tó ní oko nísàlẹ̀ kí n tó gba ẹja.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò níbẹ̀ ni ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù. Ṣé ó ṣí? Ṣé wọ́n fi nǹkan dí i nítorí ẹja? Bí wọ́n bá ní àwọ̀n gbọ́dọ̀ wà, kí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹnì kan máa gbá a lójoojúmọ́ lásìkò òjò, kí wọ́n má sì to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ láéláé. Ìkejì, kí ẹ dúró sí ìpẹ̀kun ògiri kan, kí ẹ wo orí rẹ̀ lọ gbọọrọ bí kápẹ́ńtà ṣe ń fi ojú kan wo pákó. Bí ibì kan bá tẹ̀ wálẹ̀, ibẹ̀ ni omi ti ń dọdẹ wọn. Kí wọ́n fi amọ̀ dí i, kí wọ́n gún un kó le, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìpele. Kí wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọlọ́kadà.

Ọ̀nà kejì ni ti abẹ́lẹ̀, òun ló burú jù lójú tèmi, torí kò nílò òjò. Dáàmù lè já lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Kò sí ògiri iyẹ̀pẹ̀ tí omi kì í sun gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ògiri rọ̀ díẹ̀, kì í ṣe ọ̀ràn. Ọ̀ràn ni kí omi náà máa gbé iyẹ̀pẹ̀ jáde. Bó bá ti ń gbé e, ihò tó ń gbà ń fẹ̀ sí i nìyẹn, ó ń padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ adágún, bí òkété ṣe ń gbẹ́ ilé. Òkété fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, akàn náà ń gbẹ́, ikán náà kò gbẹ́yìn. Gbòǹgbò igi tó kú nínú ògiri á jẹrà, á fi ihò sílẹ̀. Ibi tí páìpù gba inú ògiri kọjá tún burú, torí àwọn tó ń ṣe é kì í sábà gún amọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le.

Ní ọdún 1976, dáàmù Teton ní ìpínlẹ̀ Idaho ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Nǹkan bí 93 mítà ni ó ga, ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ, kò sí àìtó owó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n rí omi tó ń sun nísàlẹ̀, ó mọ́ gaara. Ní àárọ̀ ọjọ́ 5, omi náà di ẹlẹ́rẹ̀. Wọ́n rán katapílà méjì lọ láti ti iyẹ̀pẹ̀ dí ihò náà, ihò gbé àwọn katapílà mì, wọ́n fi okùn fa àwọn awakọ̀ jáde. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ògiri ti lọ. Èèyàn mọ́kànlá kú. Láti ìgbà tí omi ti di ẹlẹ́rẹ̀ títí dé ìgbà tó já, wákàtí márùn-ún péré ni.

Ẹ̀rọ tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n kò lówó lórí. Ẹ wá ike omi tó mọ́, tí ojú ń rí gba inú rẹ̀. Ẹ lọ ní ìdájí, nígbà tí òjò kò rọ̀ mọ́jú, kí ọ̀gbàrá má baà tàn yín jẹ. Ẹ rìn ní ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibi tí ẹ bá ti rí omi tó ń sun, tàbí ibi tí koríko ti tutù ju ti ìyókù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí ilẹ̀ ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ bu omi ibẹ̀ sínú ike. Ẹ gbé e sórí òkúta, kí ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Bí ìsàlẹ̀ ike bá mọ́, ẹ kọ ọjọ́ sí ìwé, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ kejì wò ó bóyá ó ti pọ̀ sí i. Ẹ ti ṣe olùkọ́ rí, ìwé kíkọ kò lè sú yín. Ìwé yẹn lẹ máa gbé fún ẹnjiníà, yóò sì dá a lóhùn ju ariwo ìlú lọ.

Bí wọ́n bá rí omi ẹlẹ́rẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn máa fẹ́ ṣe ni kí wọ́n fi amọ̀ dí ojú ibi tó ti ń jáde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Omi tí ẹ dí níbẹ̀ kò kú, ó ń wá ẹ̀gbẹ́ mìíràn gbà, pẹ̀lú ìbínú. Yanrìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà síbẹ̀, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí wọ́n tó da èyí tó tóbi lé gbogbo rẹ̀. Omi á ráyè kọjá, iyẹ̀pẹ̀ kò ní ráyè bá a lọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa ṣí páìpù láti dín omi adágún kù. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn, a fi ń ra àkókò ni, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè kó jáde.

Ọ̀rọ̀ igi kù. Bí ọ̀pẹ tàbí ọparun bá ti hù lára ògiri náà, inú yín lè dùn láti gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ rọra. Èyí tó ṣì kéré ni kí wọ́n fà tu. Igi ńlá tí wọ́n bá gé, gbòǹgbò rẹ̀ á kú sínú ògiri, ní bí ọdún mélòó kan á di ọ̀nà omi. Irú èyí, kí wọ́n dín omi kù ná, kí wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí wọ́n fi amọ̀ gún ojú rẹ̀. Ewéko tí mo fẹ́ lórí ògiri ni koríko kúkúrú, tí ojú lè rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ bàbá ẹlẹ́ja lè ti gbìn síbẹ̀, kó kúrò. Ẹni tó ń wa ẹ̀gẹ́ lórí ògiri dáàmù ń wa ògiri.

Báwo lẹ ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ má gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ dáàmù di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ẹjọ́, tí omi kò sì dúró dè wọ́n nílé ẹjọ́. Ẹ mú baálẹ̀ dání, ẹ mú ẹnì kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn dání, ẹ sọ fún wọn pé omi tó bá já máa gbé ẹja wọn lọ kó tó gbé iṣu yín. Owó ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Bí wọ́n bá kọ etí dídi, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó àti àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ odò Ògùn òun Ọ̀ṣun ní Abẹ́òkúta. Ẹ fi àwòrán sí i, ẹ fi ìwọ̀n adágún sí i, ẹ ka iye ilé àti àhéré tó wà láàárín ibẹ̀ àti kìlómítà mẹ́ta sísàlẹ̀ odò, kí ẹ kọ iye àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń sùn níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ti mọ ohun tí àwọn ará Oklahoma máa kọ síwájú rẹ̀.

Ẹ lọ pẹ̀lú ike yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí òjò tó gbilẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá mọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó sì wá bá yín wo ògiri náà, n kò ní gba ẹja. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀ ike, ẹ má kọ̀wé sí mi rárá. Ẹ pe 615, kí ẹ sì rán ọmọ tó lè sáré jù sí àwọn tó ń sùn ní àhéré etí odò, kí wọ́n gòkè wá sun ilé yín lálẹ́ ọjọ́ náà.